Ohun Tí Ìlú Ń Fi Han Àlejò: Pópó Yemọja n'Ìbàdàn àti Africatown ní Èbúté Mobile

Àlejò tó bá wọ Ìbàdàn tó sì ní òun fẹ́ rí ìlú, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sábà máa ń mú un tọ̀. Wọn á mú un gun òkè Màpó lọ wo gbọ̀ngàn ńlá tí a ṣí ní 1929. Wọn á mú un dé Òkè Àrẹ̀, kí ó gun àtẹ̀gùn inú ilé ìṣọ́ gíga tí a kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, èyí tí àwọn ará ìlú fi ìrísí àtẹ̀gùn náà sọ ní Láyípo. Bí ọjọ́ kò bá tíì lọ, wọ́n lè yà ní Kúdẹtì, níbi tí David àti Anna Hinderer tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853. Pópó Yemọja kò jìnnà sí Màpó rárá. Síbẹ̀ ọkọ̀ àlejò a máa gba ibẹ̀ kọjá láì dúró, àfi bí àlejò náà bá jẹ́ olórìṣà, tàbí onímọ̀ tó ti mọ ohun tó ń wá kí ó tó kúrò nílé.

Ìkọjá-láì-dúró yìí ni àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Àkójọ ibi tí ìlú kan ń fi han àlejò kì í ṣe àkójọ ibi tó dára lójú lásán. Ìpinnu ni, lórí irú ìtàn tí ìlú náà gbà pé òun ní, àti irú èyí tí ó fẹ́ kí ó wà nínú yàrá. Kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere, àròkọ yìí gbé Ìbàdàn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mobile, ìlú èbúté àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ìlú méjèèjì kò jọra. Ọ̀kan wà létí omi, èkejì wà nínú ilẹ̀. Ọ̀kan ra ènìyàn, èkejì kó ènìyàn lógun. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó mú kí ìfiwéra náà wúlò. Àwọn tí a kó dé Mobile pa ìtàn wọn mọ́, ṣùgbọ́n òrìṣà wọn kò tẹ̀lé wọn. N'Ìbàdàn, òrìṣà wà ní ìdúró rẹ̀ lójú pópó, ìtàn àwọn tí ogun kó dé ni a fi sílé.

Ilé tí ajẹ́lẹ̀ kọ́

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí ìlú Ẹ̀gbá kan tí àwọn onílé ti sá fi sílẹ̀. Ọjà'ba ni ọkàn ibùdó náà. Ọjà Ìba ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Ìba Olúyọ̀lé tó di Baṣọ̀run tó sì kú ní 1847 ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Yíká ibẹ̀, dé Màpó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, ni àwọn ológun kọ́ agbo-ilé wọn sí, ológun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, aya, ìbátan àti ẹrú rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bíi 1840, ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ṣí sílẹ̀ fún un. Ìlú tí ó bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, Ìbàdàn a fi ajẹ́lẹ̀ jókòó síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ, kí ó sì máa gba ìsákọ́lẹ̀. Nígbà tí ó di 1893, Ìbàdàn fúnra rẹ̀ bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn, ó sì tẹ́wọ́ gba ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ará ìlú lò fún òyìnbó náà, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Captain Robert Lister Bower ni ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Òun ni ó kó àgbá lọ dojú kọ Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, tí ó yìnbọn lu ìlú Aláàfin. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà ni a kọ́ ilé ìṣọ́ sí Òkè Àrẹ̀ ní ìrántí rẹ̀. Taffy Jones, ẹnjiníà tó ya àwòrán Màpó, náà ni ó ya àwòrán Láyípo. Nítorí náà, ibi méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú ohun tí Ìbàdàn àtijọ́ ń fi han àlejò jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan, fún ìjọba kan náà, láàárín ọdún mẹ́wàá.

Kì í ṣe pé kí a wá pa Màpó tì. Ibẹ̀ ni a ti ń gbé adé lé Olúbàdàn lórí. Ìlú ti gba ilé náà mọ́ ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ, ó sì ti sọ ọ́ di tirẹ̀ pátápátá. Láyípo náà ní ohun tó dára nínú, nítorí kò sí ibòmíràn tí ojú ti lè ká Ìbàdàn bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó gun Láyípo ń wo òrùlé. Kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó rí bí ìlú ti gbòòrò tó, kò rí bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti ṣe débẹ̀.

Ọkọ̀ Clotilda àti ohun tí Mobile fi pamọ́

Mobile ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn Faransé ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1702, wọ́n sì ṣí i wá sí ibi tó wà báyìí ní 1711. Arìnrìn-àjò afẹ́ tó bá dé ibẹ̀ kò ní ṣàìrí nǹkan wò. Odi Condé tí àwọn Faransé kọ́ ti wó tipẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ àwòkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1976. Ilé Oakleigh wà níbẹ̀ láti 1833, pẹ̀lú òpó funfun rẹ̀. Ọkọ̀ ogun USS Alabama ti wà ní ìdákọ̀ró fún àwọn olùwòran láti 1965. Ayẹyẹ Mardi Gras sì wà, èyí tí Mobile fi ń yangàn pé òun ti ń ṣe láti 1703, nígbà tí a kò tíì dá New Orleans sílẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òwú tó ń gba èbúté náà kọjá ni ó sọ Mobile di olówó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrú ni ó sì ń gbin òwú náà, ẹrú ni ó ń ká a.

Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ orílẹ̀-èdè náà láti òkèèrè léèwọ̀. Ní 1860, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Mobile tó ń jẹ́ Timothy Meaher rán William Foster pẹ̀lú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah. Ní oṣù keje ọdún náà, ní òru, ọkọ̀ náà padà wọ odò Mobile pẹ̀lú nǹkan bí 110 ènìyàn nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn sọ̀kalẹ̀, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú igbó létí omi, Foster sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí.

Lára àwọn ènìyàn náà ni Kossola wà, ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà pè ní Cudjo Lewis. Òpìtàn Sylviane Diouf, nínú ìwé rẹ̀ Dreams of Africa in Alabama tó jáde ní 2007, tọpa ìbí rẹ̀ dé agbègbè Bantè, láàárín àwọn Yorùbá Ìṣà tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọmọ bí ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ogun Dàhòmì, lábẹ́ ọba Glele, já wọ ìlú wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ́n dé Ouidah, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ àgọ́ ẹrú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Foster tó wá yàn wọ́n.

Ọdún márùn-ún péré ni wọ́n fi ṣẹrú ní Mobile, nítorí pé ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ni láti padà sílé; owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ní kí Meaher fún wọn ní ilẹ̀, nítorí òun ni ó mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ tiwọn, ó kọ̀. Wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí a ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń kiri ẹ̀fọ́ àti èso, títí wọ́n fi ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní àríwá ìlú náà. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Africatown. Wọ́n yan Gumpa ṣe olórí, ọmọ Dàhòmì sì ni Gumpa. Ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn dúró lé lórí: àwọn tí Dàhòmì kó tà fi ọmọ Dàhòmì jẹ olórí ara wọn. Ìgbèkùn ti dá ìbátan tuntun sílẹ̀ láàárín wọn, èyí tó borí ọ̀tá ilé.

Ní 1872 wọ́n kọ́ ilé ìsìn tiwọn, ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kò sẹ́ni tó gbé ojúbọ òrìṣà kalẹ̀ ní Africatown. Ìtàn ni wọ́n gbé kalẹ̀. Kossola sọ ọ́ fún Emma Langdon Roche, tó fi sínú ìwé ní 1914. Ó sọ ọ́ fún Zora Neale Hurston ní 1927 àti 1928. Ó sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ àti aládùúgbò rẹ̀ títí ó fi kú ní 1935. Ìwé tí Hurston kọ lórí rẹ̀, Barracoon, kò rí ilé ìtẹ̀wé tó gbà á títí di 2018.

Ní gbogbo àkókò yìí, Africatown kò sí nínú ohun tí Mobile ń fi han àlejò. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá yí àdúgbò náà ká. Afárá kan là á kọjá ní 1991. Ó di 2012 kí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù karùn-ún 2019 ni àjọ ìtàn ìpínlẹ̀ Alabama kéde pé a ti rí àfọ́kù Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò. Láti ìgbà náà ni gbogbo nǹkan yí padà. Ní oṣù keje 2023, a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Africatown, níbi tí a kó àwọn ohun tó jáde láti inú ọkọ̀ náà sí. Fún ọdún 159 ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ ti ń fi ẹnu sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní àlọ́; pákó jíjóná díẹ̀ ni ó wá jẹ́ kí a gbà wọ́n gbọ́. Ó yẹ kí èyí dun ẹnikẹ́ni tó ń fi ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá.

Òrìṣà tí ogun gbé rìn

Ọdún tí Clotilda gúnlẹ̀ ni Ìbàdàn gbógun lọ sí Ìjàyè. Ní 1862 ni Ìjàyè sì wó. Dàhòmì ni ó kó Kossola, kì í ṣe Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àkókò kan náà ni, ọjà kan náà ni, ìrìn àwọn ènìyàn tí ogun tú ká ni ó sì kún inú ìlú méjèèjì. N'Ìbàdàn, ọ̀nà tí a lè gbà rí ìrìn náà kò sí lórí Láyípo. Ó wà ní ojú pópó tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà.

Yèyé ọmọ ẹja ni ìtumọ̀ tí a sábà ń fún orúkọ Yemọja, odò Ògùn ni a sì mọ̀ mọ́ ọn. Nínú ìwé rẹ̀ Orixás tó jáde ní 1981, Pierre Verger sọ pé òrìṣà àwọn Ẹ̀gbá ni Yemọja láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà láàárín Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, níbi tí odò kan wà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àti pé nígbà tí ogun lé wọn lọ sí Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé àwọn ohun mímọ́ rẹ̀ dání, tí odò Ògùn fi di ilé rẹ̀. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, Yemọja ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó ní 1829 tó dé. Àwọn ni àlejò. Ọ̀nà kejì láti wò ó wà. Apá Ọ̀yọ́ lókè ni odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀, láti apá ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kún Ìbàdàn ti sá wá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wó. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ìdáhùn kan ni wọ́n jọ ń fúnni: òrìṣà odò kì í dá rìn wọ ìlú ogun. Ẹnìkan ni ó gbé e dé, ẹni náà sì ti fi ìlú kan sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ayédé Èkìtì jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Àárín òkè ni ìlú náà wà, ó jìnnà sí odò Ògùn, síbẹ̀ Yemọja ni òrìṣà ìdílé ọba níbẹ̀. Andrew Apter, tó ṣe ìwádìí ní Ayédé, fi hàn pé inú rògbòdìyàn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìlú náà ti jáde, lábẹ́ Èṣùbíyì, jagunjagun tó sọ ara rẹ̀ di ọba. Bí òrìṣà omi bá lè di òrìṣà òkè nítorí ogun, kò yẹ kí a máa wo Pópó Yemọja bí ibi tí nǹkan àtijọ́ kan ti dúró sójú kan láti ayébáyé. Ẹ̀rí ìṣípòpadà ni.

Òrìṣà náà kọjá òkun pẹ̀lú. Ní Salvador ní Brazil, níbi tí Verger ti gbé láti 1946 títí ó fi kú ní 1996, àìmọye ènìyàn ni ó máa ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún un ní etíkun Rio Vermelho ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún; ìjọba ìlú ka ọjọ́ náà mọ́ ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ rí. Ní Regla, lódìkejì èbúté Havana ní Kúbà, oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀. Kí ló dé tí kò wá sí ní Mobile, tó jẹ́ ìlú èbúté bíi tiwọn, tí ọmọ Yorùbá sì dé ibẹ̀? Òkun kọ́ ni ó ń gbé òrìṣà gúnlẹ̀. Ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ni ó kó Yorùbá dé Salvador àti Havana fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń bá àwọn tó ti wà níbẹ̀, bàbá àti ìyá olórìṣà wà láàárín wọn tó lè fi òrìṣà lé ẹlòmíràn lórí. Ọkọ̀ kan péré ni ó gbé àwọn ará Africatown dé, ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, ìlú tí wọ́n ti wá kò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè jọ ní ni ìtàn ọ̀nà tí wọ́n jọ rìn.

Àwọn olùjọsìn láti Brazil àti Amẹ́ríkà ti ń wá sí ilé Yemọja n'Ìbàdàn, wọ́n sì ń wá ibi tí òrìṣà wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ náà ti kọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ìwé tí Solimar Otero àti Tóyìn Fálọlá jọ ṣe olótùú rẹ̀ ní 2013 dá lórí Yemọja látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwọn olórìṣà Ìbàdàn kò bá sáré ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Leo Frobenius wá síbí ní 1910. Ó wọ ilé Ṣàngó ní Agbeni, ayàwòrán rẹ̀ Carl Arriens sì ya àwọn ère inú rẹ̀ ní àwòrán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ṣì ń lò. Nínú ìrìn-àjò kan náà ni ó ti lọ sí Ifẹ̀, níbi tí ọ̀nà tó gbà kó ohun mímọ́ fi di ẹjọ́ níwájú aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò tó wá wo nǹkan àti àlejò tó wá kó nǹkan lọ, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ nígbà náà.

Ìdí tí wọ́n fi dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tó nira jù nìyí. Ìbàdàn kó ènìyàn lógun, ó sì lò wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá kan wọn gba ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú lọ sí etíkun, ìbọn àti ẹ̀tù sì ń gba ọ̀nà kan náà padà bọ̀. Nígbà tí Brazil ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1850, tí Gẹ̀ẹ́sì sì fi àgbá lu Èkó ní oṣù kejìlá 1851, ọjà òkun rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ogun kò rọlẹ̀. Àwọn tí a kó di òṣìṣẹ́ oko, wọ́n di aláàárù epo, ọmọ ogun, aya. Iṣẹ́ Bọ́láńlé Awẹ́ lórí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára àti ìwé Fálọlá tó jáde ní 1984 lórí ọrọ̀ ajé àti ìṣèlú Ìbàdàn ti fi èyí hàn kọjá iyèméjì. Anna Hinderer náà kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí a rà padà kúrò lóko ẹrú, tí wọ́n dàgbà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Kúdẹtì. Àwọn tó ń fi ṣọ́ọ̀ṣì náà han àlejò kì í sábà dé orí ọ̀rọ̀ náà.

Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí wọ́n rọ̀ lóyè tí wọ́n sì pa ní 1874, ni ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú n'Ìbàdàn, pàápàá láti ìgbà tí eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti jáde ní 1970. Ère rẹ̀ wà n'Ìbàdàn. Ìlú tó ya ère fún olówó ẹrú kò tíì ya òkúta kan fún àwọn ẹrú rẹ̀, a kò sì lè sọ pé obìnrin kan ṣoṣo yìí ni ó ní ẹrú láàárín àwọn olóyè tí gbogbo wọn ń ti ogun bọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wọn ni ó jọ pé a kó lé e lórí, kí agbo-ilé yòókù lè mọ́.

Ṣùgbọ́n àìsọ̀rọ̀ Ìbàdàn kì í ṣe ìgbàgbé, kì í sì í ṣe ìwà àìbìkítà. Àwọn tí a kó dé kò lọ mọ́. Wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ sínú agbo-ilé, ọmọ wọn ń jẹ́ orúkọ ilé náà, ọmọ ọmọ wọn ti bá ọmọ onílé ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tó bá la ẹnu sọ pé ogun ni ó kó bàbá ńlá lágbájá wálé ti da ilé rú. Nínú ìjà oyè mọ́gàjí àti ìjà ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń yọ, ohun ìjà ni a sì fi ń ṣe. Yorùbá mọ ìwúwo rẹ̀, wọ́n ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Láti dáàbò bo ọmọ ẹni tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ yìí ni a fi ń dákẹ́.

Níbi yìí ni Mobile kò ti lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún Ìbàdàn. Ní Africatown, àwọn àrọ́mọdọ́mọ ẹrú ń gbé papọ̀ ní àdúgbò tiwọn, àwọn àrọ́mọdọ́mọ olówó ń gbé ibòmíràn. Ìtàn náà jẹ́ ti àwọn tó ń sọ ọ́, ọlá ni ó jẹ́ fún wọn. N'Ìbàdàn, abẹ́ òrùlé kan ni àwọn méjèèjì wà, ara wọn kan náà ni wọ́n sì jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá kọ orúkọ àwọn ẹrú sára ògiri, bí wọ́n ti ṣe kọ ti àwọn ará Clotilda, yóò sọ ọmọ ìyá di àjèjì síra wọn. Onímọ̀ tó bá ní kí a tú gbogbo rẹ̀ síta nítorí òtítọ́ kò tíì bá irú agbo-ilé bẹ́ẹ̀ jókòó.

Dídákẹ́ pátápátá náà ní ohun tó ń bà jẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí Brazil tó fò wá láti ìlú èbúté tó sì dúró ní Pópó Yemọja ń béèrè ohun kan tó dájú: báwo ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe kúrò níhìn-ín? Bí a bá mú un lọ sí Láyípo, a ti dá a lóhùn pé òyìnbó ni ìtàn Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá sì mú un lọ sí Badagry tàbí Ouidah nìkan, yóò rò pé etíkun ni ènìyàn ti ń di ẹrú, bẹ́ẹ̀ ó ti di ẹrú tipẹ́ kí ó tó rí omi.

Ohun tí oríkì orílẹ̀ ń sọ, tí kò sì sọ

Irú ìmọ̀ kan wà nínú àwọn agbo-ilé yìí tó ti yanjú ìṣòro náà láti ọjọ́ pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́ kò tíì kà á kún. Oríkì orílẹ̀ ni. Oríkì orílẹ̀ a máa sọ ìlú tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n ń jẹ, èèwọ̀ wọn àti iṣẹ́ wọn. Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 lórí oríkì ní Òkukù, fi hàn bí ó ṣe jẹ́ pé orílẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń dá ara wọn mọ̀ nígbà tí ogun ti tú ìlú wọn ká, tí wọ́n sì ń gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ Ìkòyí, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìrẹsà àti ọmọ Òjé lè wà ní agbo-ilé mẹ́rin lójú pópó kan, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ Ìbàdàn.

Ohun tó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni ohun tí oríkì orílẹ̀ kì í sọ. Ó sọ ibi tí a ti wá, kì í sọ bí a ṣe dé. Ẹni tó sá wá, ẹni tó tẹ̀lé ológun wá fúnra rẹ̀ àti ẹni tí a fi okùn fà wá, bákan náà ni a ṣe ń kì wọ́n. Kò fi irọ́ bo ìtàn, nítorí ìlú tó ti wó wà nínú rẹ̀ tòun ti orúkọ rẹ̀. Kò sì dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìṣọ́ra yẹ kí ó wà, nítorí àwọn mìíràn ti gba oríkì olówó wọn, ohùn tiwọn sì ti rì sínú rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ìwé kan ní ibi ìpamọ́ ìjọba tó lè fi ìlú tí àwọn ènìyàn Ìbàdàn ti ṣí wá hàn kedere tó báyìí.

Iṣẹ́ yìí kò béèrè ilé tuntun tàbí owó ńlá. Ní 1911 ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, tó jọba Ìbàdàn lẹ́yìn náà ní 1955, ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde, ìtàn àwọn ogun àti àwọn olóyè. Ìwé tó kù ni ti àwọn agbo-ilé, tí a ó fi àṣẹ mọ́gàjí kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀ láti ẹnu àwọn obìnrin ilé tó mọ oríkì náà, bẹ̀rẹ̀ láti Pópó Yemọja lọ sí Bẹyẹrúnkà àti Bẹẹrẹ, kí àwọn agbo-ilé fúnra wọn sì pinnu èyí tí àlejò lè gbọ́ àti èyí tí yóò wà nílé. Àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n kò kéré lọ́jọ́ orí.